Oyún Àfẹnusọ

Ẹni tó bá ti fẹ́ràn ènìyàn rí, tí ayé kò jẹ́ kó fẹ́ ẹ, kó sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Adùnọlá ni mo fẹ́ sọ. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ tó.

Ọdún 1974 ló bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ wa dá sílẹ̀ ní Yábàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Iṣẹ́ Adùnọlá ni kó máa ká bébà ńlá tó bá ti jáde lára ẹ̀rọ. Á ká a sí méjì, á ká a sí mẹ́rin, á wá fi egungun màlúù pẹlẹbẹ kan tẹ ojú ibi tó ká títí á fi lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé yàrá kan ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá náà, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ.

Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ kọ̀, òyìnbó ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wọlé, ó ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Fúnlọ́lá, ọ̀rẹ́ Adùnọlá tí wọ́n jọ ń ká bébà, wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní:

"Ẹ wo imú! Bí òjò bá ń rọ̀, èèyàn méjì lè yà sábẹ́ ẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà gbé àpótí sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní, Yorùbá rẹ̀ ki bí ti àgbà oko. "Imú yìí náà ló ń gbọ́ òórùn ẹ̀pà tí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Olúwa. Ẹ bù fún mi, kí n má baà fẹjọ́ sùn."

Fúnlọ́lá sá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Adùnọlá nìkan ló bu ẹ̀pà lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí i. Níbo lẹ ti gbọ́ Yorùbá?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń wàásù, ìyá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, ìyá arúgbó kan ló ń pọ̀n mí. Òun ló sọ mí ní Àkàngbé. Pítà ni wọ́n ń pè mí nílé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ Pítà, ó máa ń dà bí ẹni pé mo ti ṣẹ̀."

Adùnọlá rẹ́rìn-ín. "Èmi ni Adùnọlá. Àríkẹ́ loríkì mi."

"Àríkẹ́," ó ní. Bó ṣe pè é, ó yé Adùnọlá pé ẹni tí wọ́n ti fi oríkì tù nínú rí ló lè pe oríkì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò tíì gbó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fúnlọ́lá ní àfi bí ẹní ń fi abẹ́rẹ́ gún un nídìí. Àkàngbé á tún un ṣe tán, á fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bébà. Nígbà tó rí i pé Adùnọlá kò lè ka ìwé tó ń ká lójoojúmọ́, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, ó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un lórí bébà tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kà láìsí ìrànlọ́wọ́ ni "Jésù." Ìkejì ni "sọkún."

Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé. Wọ́n jọ lọ sí Tèjúoṣó lọ́jọ́ kan láti ra aṣọ fún ìyá Adùnọlá. Obìnrin aláṣọ kan wò wọ́n, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ yìí, o ti rí tìẹ mú! Nígbà tó bá lo ọ́ tán, sọ fún un pé èmi náà wà ńbí o!"

Àkàngbé yíjú sí i. "Màmá, àfẹ́sọ́nà mi ni. A kì í lò ó tán."

"Yéè! Ó gbọ́!" Obìnrin náà di orí mú. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Àwàdà ni." Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lọ, Adùnọlá gbọ́ tó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Gbogbo wọn ní í sọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tí ayé rò pé ó wà láàárín wọn kò sí. Ọwọ́ nìkan ni Àkàngbé ń dì mú. Ó ti ṣèlérí fún Olúwa, ó ní, pé títí dọjọ́ yìgì ni. Adùnọlá bọ̀wọ̀ fún ìlérí náà. Àmọ́ nígbà mìíràn, tó bá dá wà, ara rẹ̀ á máa rò ó, á sì bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì í, kó sì jẹ́ kí ọjọ́ náà yá.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1976, Àkàngbé wá sí Sùúrùlérè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, ìyá Adùnọlá á pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wo òyìnbó tó lẹ́kọ̀ọ́ ju ọmọ wọn lọ. Lọ́jọ́ yìí, nígbà tó sọ ohun tó bá wá, ìyá kò ní kó dìde.

"Àkàngbé."

"Mà."

"Mo fẹ́ràn rẹ, o mọ̀. Ká ní mo lè bí ọ, ǹ bá ti bí ọ. Ṣùgbọ́n kí n fún ọ lọ́mọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n gbọ́?"

"Mo ti kọ̀wé sí wọn lọ́hùn-ún, ní Amẹ́ríkà."

"Kí ni wọ́n wí?"

Adùnọlá wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta dí ibùsùn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n ní kí n ṣì máa gbàdúrà sí i."

"Hẹn-ẹn." Ìyá fà sẹ́yìn lórí àga. "Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ogún ọdún ni ìyá rẹ fi gbé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ egbò ẹsẹ̀ mi. A jọ kúnlẹ̀, a jọ gbàdúrà. Kò jẹun nílé wa rí lọ́jọ́ kan. Mi ò bínú sí i, obìnrin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fọ egbò mi tí kò lè jẹ iyán mi, báwo ló ṣe fẹ́ bá mi dána?"

"Èmi jẹ ẹ́, mà."

"Ìwọ jẹ ẹ́. Ìwọ nìkan. Bí àwọn tìrẹ bá sì pè ọ́ wálé lọ́la, o máa lọ, ọmọ mi á bá ọ lọ, màá wá máa bi fọ́tò léèrè bóyá ó jẹun. Dìde, ọmọ mi. Lọ rí pásítọ̀."

Pásítọ̀ Abọ́dúndé kì í ṣe ìkà. Ó jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó tẹ́tí títí wọ́n fi sọ tán, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kò sí Júù, kò sí Gíríìkì. Èmi fúnra mi ni mo wàásù ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì mọ òfin míṣọ́n. Òṣìṣẹ́ wọn tó bá fẹ́ ọmọ ilẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ìwé tó fi ń gbélùú náà bọ́. Àwọn ló sì ni ilẹ̀ tí ìjọ yìí dúró lé."

"Mo lè wá iṣẹ́ mìíràn, sà," Àkàngbé wí.

"O lè wá a. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i."

Ní ìjọ wa, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i" ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ ihò nìyẹn. Oṣù mẹ́fà kọjá. Ìkéde ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn àfẹ́sọ́nà, wọ́n kò ṣe ẹ̀ẹ̀kan fún wọn. Àwọn tó kéré sí Adùnọlá ń ṣègbéyàwó. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ alàgbà kan tí ìyàwó rẹ̀ kú sí i létí.

Fúnlọ́lá ló ń gbé ìwé àti ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n má rí ara wọn mọ́. Òun náà ló mú ìmọ̀ràn náà wá, níbi tí wọ́n ti ń ká bébà.

"Adùn, ìgbà wo lèmi àti Túbọ̀sún fi orúkọ sílẹ̀?"

"Ìgbà tí o lóyún Bísí."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi so wá pọ̀?"

"Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ìyá Túbọ̀sún ńkọ́, tó búra pé òun ò ní í fẹ́ mi sílé òun láé? Ṣebí òun ló gbé Bíbélì dání fún wa." Fúnlọ́lá sún mọ́ ọn. "Wọ́n á gbé ẹ síwájú àwọn ìyá, wàá sunkún díẹ̀, wọ́n á gbé ẹ lọ sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, pásítọ̀ á so yín nínú yàrá tó ti ń wọṣọ. Kò sí ìbòrí funfun, kò sí agogo. Ṣùgbọ́n yìgì ni. Ìjọ yìí kò lè gbà kí ọmọ tí kò ní bàbá wà nínú ìwé wọn."

Òótọ́ ni. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Mo lè ka àwa mẹ́sàn-án tí wọ́n so bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mi ò lóyún," Adùnọlá wí. "Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí."

"Ta ló ń wo inú ẹ? Tó bá di oṣù kejì, wàá sọ pé ó wálẹ̀. Ìgbà yẹn ẹ ti wà nílé ara yín. Jékọ́bù parọ́ fún bàbá ẹ̀, ta ni Ọlọ́run bù kún?"

"Àkàngbé kò ní í gbà."

"Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí o má bi í. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lọ́sẹ̀ yìí, ó ń tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Jíbówú, èmi ni màá kọ́kọ́ rí i. Màá ṣàlàyé fún un. Tí wọ́n bá bi í, kó kàn dákẹ́, kó tẹ orí ba. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Adùnọlá fi gbààwẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run kó fún òun ní àmì tí òun bá fẹ́ ṣàṣìṣe. Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan. Ó rò ó pé bóyá dídákẹ́ náà ni bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Ọjọ́rú, ó dúró níwájú àwọn ìyá mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sí àárín, nítorí òun ni olórí. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ ẹgbẹ́ kan ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́.

"Adùnọlá, kí ló dé?" ìyá rẹ̀ bi í. "A ò ránṣẹ́ pè ọ́."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo wá jẹ́wọ́, mà. Mo ti fẹ́ra kù."

Ọ̀kan nínú wọn ní "Jésù!" Ìyá rẹ̀ ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, tó lè dá a padà.

"Fún ta ni?" ìyá kan bi í.

"Àkàngbé."

"Òyìnbó míṣọ́n? Háà! Adé orí wa já bọ́." Obìnrin náà yíjú sí ìyá Adùnọlá. "Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ bi ọmọ tèmi léèrè lọ́dún èṣí níbí yìí, tí ó fi tọ̀ sára. Ẹ bi tiyín náà."

Ìyá Adùnọlá dìde. Ó tú ọ̀já funfun tí àwọn olórí ẹgbẹ́ máa ń gbé kọ́ èjìká, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Kò wo ọmọ rẹ̀.

Ohun tí Fúnlọ́lá kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú kàn, ni pé àwọn òfin wọ̀nyẹn, àwa ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí ọmọ wa bá fún ọmọ wa lóyún, ìjọ á so wọ́n pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, pásítọ̀ fi tẹlifóònù pe olórí míṣọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀, mọ́tò míṣọ́n ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé Àkàngbé wá sí Èkó. Nígbà tí Fúnlọ́lá dúró ní Jíbówú lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń wo ojú gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Àkàngbé ti gbọ́ ọ láti ẹnu wọn.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó gbà kí Adùnọlá rí i, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé míṣọ́n ní Yábàá. Ìyàwó olórí míṣọ́n jókòó sí ìdí fèrèsé nínú ilé, ó ń hun nǹkan. Àkàngbé ti rù.

"Àríkẹ́, ta ló ni ín?"

"Kò sí nǹkan kan nínú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Irọ́ ni mo pa, kí wọ́n lè so wá pọ̀." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ti Ọjọ́bọ̀, ti Jíbówú. Bó ti ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ bí kò ṣe ní orí tàbí ìdí ní etí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa.

Àkàngbé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Wọ́n bi mí bóyá èmi ni. Mo ní èmi kọ́, mi ò fọwọ́ kàn ọ́ rí. Wọ́n wojú ara wọn. Wọ́n ní, ó dáa, nígbà náà yálà òpùrọ́ ni tàbí aṣẹ́wó, èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ mú relé lọ fún ìyá rẹ? Wọ́n ní wọ́n ti rí irú ẹ̀ tó pọ̀. Wọ́n ní bí àwọn obìnrin ibí ti rí nìyẹn."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo sọ fún wọn pé ìwọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó yára sọ ọ́, kò wo ojú rẹ̀. "Tí o bá lè ṣe àyẹ̀wò, kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé, wọn ò ní rí nǹkan sọ mọ́."

"Àwọn, àbí ẹ̀yin?"

Ó yíjú sí fèrèsé.

"Àkàngbé, ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù lọ́la. Ẹ sọ pé ẹ lè wá iṣẹ́ mìíràn."

"Gba ìwé náà ná, Àríkẹ́."

Adùnọlá dìde dúró. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ká ní ọmọ òyìnbó kan, ọmọ ìjọ yín lọ́hùn-ún, ló pa irọ́ tí mo pa yìí, tó wá padà sọ fún yín pé irọ́ ni. Ṣé ẹ máa ní kó lọ gba ìwé?"

Ìyàwó olórí míṣọ́n kò dáwọ́ ìhun dúró. Ẹni tó lè fi Yorùbá dá gbogbo ọjà Tèjúoṣó lóhùn kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Adùnọlá gba ìwé náà ṣáá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kó tó kàn án. Dókítà kọ ọ́ pé kò sí oyún. Inú Fúnlọ́lá dùn, ó sáré gbé e lọ fún pásítọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Pásítọ̀ kà á, ó tún un kà. "Lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́, ó wà. Ní báyìí, kò sí. Fúnlọ́lá, ọmọdé ni ọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láàárín."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé Adùnọlá ti ṣẹ́yún. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Níbo lo ti ṣe é?" ó bi í jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dá?"

Adùnọlá jókòó sílẹ̀, kò lè sunkún.

Àkàngbé wọ ọkọ̀ òfúrufú ní Ìkẹjà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lẹ́tà kékeré kan ló fi rán Fúnlọ́lá: "Jẹ́ kí n dé ilé, kí ọkàn mi balẹ̀. Màá mọ ohun tí mo gbàgbọ́. Dúró dè mí." Lẹ́yìn oṣù méjì, òmíràn dé láti Amẹ́ríkà. Adùnọlá fúnra rẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ìka rẹ̀ lórí ìlà. "Mò ń gbìyànjú láti gbà ọ́ gbọ́. Mò ń gbàdúrà lójoojúmọ́. Má jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́." Gbogbo ìrètí rẹ̀ láyé wà nínú gbólóhùn yẹn. Kò lè sùn kó má kà á.

Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Wọ́n ti dá ìyá rẹ̀ náà dúró níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nítorí wọ́n ní ó mọ̀, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí Adùnọlá dìde níwájú ìjọ, kó jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ́yún, wọ́n á gba òun àti ìyá rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà. Adùnọlá kọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, òkè òkun á gbọ́.

Ọdún 1977 wọlé. Àwọn àlejò aláwọ̀ dúdú láti gbogbo ayé ń wá ṣe àjọ̀dún ní Èkó. Mọ́tò wọn ń kọjá ní Costain pẹ̀lú àsíá. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá Adùnọlá dè. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ohùn rẹ̀ di ti ọmọdé.

"Àríkẹ́, mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì Olúwa kí n tó lọ."

"Màmá, ṣé ẹ gbà pé mi ò ṣe é?"

Ìyá fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bó o ṣe é, bó ò ṣe é, ọmọ mi ni ọ́. Ṣáà jẹ́ kí n jẹ ẹ́. Má jẹ́ kí n kú sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn."

Adùnọlá lọ bá pásítọ̀. "Tí mo bá sọ ọ́, sà, ẹ ò ní í kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i?"

"Ọ̀rọ̀ inú ìjọ, inú ìjọ ló ń gbé," pásítọ̀ wí.

Ó dìde ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Igbe. Ó ní, "Mo ṣẹ́ oyún. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ìjọ." Gbólóhùn náà kò gùn. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn ìyá dì mọ́ ọn, omijé ń dà lójú wọn, omijé tòótọ́. Obìnrin tó ní kí ìyá náà bi ọmọ rẹ̀ léèrè níjọ́sí ló gbé búrẹ́dì sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú apá tó kù. "Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. Kò pé oṣù kan tó fi kú.

Lẹ́tà Àkàngbé dé lẹ́yìn ìsìnkú. Ìwé ìpàdé ìjọ máa ń lọ sọ́dọ̀ míṣọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Pásítọ̀ ní òun kò rántí pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà. "Mo ti gbọ́ pé o jẹ́wọ́. Mo yin Olúwa fún ọ. Mo dárí jì ọ́ pátápátá, Àríkẹ́, mo sì ti simi."

Adùnọlá tẹ́ bébà sílẹ̀, ó kọ "Àkàngbé, mi ò lóyún rí." Ó wo ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́ta rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kà. Fúnlọ́lá ní òun á fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Kí ló fẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹ̀?" Adùnọlá bi í. "Ó ti simi."

Fúnlọ́lá bú sẹ́kún. "Adùn, èmi ni mo bà ọ́ jẹ́."

"Dákẹ́. Bébà ń dúró dè wá."

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà ọ̀sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, pásítọ̀ ránṣẹ́ pè é. Ó ní ẹ̀rí rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin là. Adùnọlá kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀ mọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin bí ọgbọ̀n jọ sínú gbọ̀ngàn, ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ìtàn ibi tí kò dé rí. Ó sọ ti yàrá kan ní Múṣìn, ti bẹ́ẹ̀dì tó tutù, ti obìnrin kan tí kò sọ orúkọ. Ó ti fẹ́ jókòó nígbà tí ọmọ kan tí kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Aya pásítọ̀ ní, "Ṣé irú ìbéèrè nìyẹn?" Ṣùgbọ́n Adùnọlá ti ń dáhùn.

"Obìnrin ni," ó ní. "Ó pupa díẹ̀. Irun rẹ̀ kò le, ìka ni mo fi ń yà á. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Adéfúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀."

Ibẹ̀ ni ẹkún tó ti há sí i lọ́fun láti ọjọ́ ẹ̀wà yẹn ti já. Ó wólẹ̀, ó ń pe orúkọ náà, wọn kò lè gbé e dìde. Àwọn ọmọbìnrin náà ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún un lómi mu, aya pásítọ̀ fi gèlè ara rẹ̀ nu ojú rẹ̀.

Pásítọ̀ ní òun kò tíì gbọ́ ẹ̀rí tó wọni lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.